Agboòrùn Alhaja Nímọ́tà

Kò sí ẹni tó mọ Alhaja Nímọ́tà Ajíbóyè ní Peckham tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n dìde kúrò nípàdé kánsù, tí wọ́n ń retí kí kánsù pè wọ́n padà bí ẹni ń ná ọjà.

Ọ̀rọ̀ Rahmah, ọmọ ọmọ wọn, ni wọ́n bá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Orí rẹ̀ pé ṣáṣá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, kó tó la ẹnu, tíṣà ti bi ẹlòmíì. Ó nílò olùrànlọ́wọ́ tí yóò jókòó tì í ní kíláàsì. Láìsí ìyẹn, iléèwé mìíràn tó jìnnà ni yóò lọ, níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Mísísì Hamid, òṣìṣẹ́ kánsù, ní wákàtí méjìlá lọ́sẹ̀ ni àwọn lè fún un.

“Ọgbọ̀n,” ni Alhaja wí.

Mísísì Hamid ṣàlàyé pé a kì í ná wákàtí. Alhaja, tó ti ń ta fìlà àti ìborùn ní Rye Lane fún ọdún mọ́kàndínlógún, wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó ní òjò kì í rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì, wọ́n fi agboòrùn sílẹ̀ lórí àga, wọ́n sì fa Tẹniọlá, ọmọ wọn tó bí Rahmah, jáde.

“Má wẹ̀yìn,” ni wọ́n sọ fún un lórí àtẹ̀gùn. “Wọ́n máa pè wá.”

Wọ́n dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá. Tẹniọlá ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀, ó gbà pé ìyá òun ti ná ọ̀rọ̀ ọmọ òun sọnù. Lókè lọ́hùn-ún, Mísísì Hamid rò pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lọ. Ó dúró títí kó tó rí agboòrùn, tó sì sáré gbé e wá bá wọn. Alhaja gbà á, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

“Wọ́n pè wá, àbí wọn ò pè wá?”

Wọ́n wá sọ fún Mísísì Hamid pé kó mú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá, pé nítorí tirẹ̀ ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ wá wo Rahmah níléèwé kí òun tó kọ ohunkóhun.

Bí Alhaja ṣe rí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní Camberwell ní kí Rahmah máa ká ọwọ́ kò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, Alhaja ní mẹ́jọ, wọ́n parí ẹ̀ sí mẹ́sàn-án. Ti Ọlọ́run nìkan ni wọn kì í ná. Ìrun márùn-ún, márùn-ún náà ni. Àmọ́ tí wáàsí lèmọ́mù bá ti ń gùn jù, wọ́n á wúkọ́.

Lọ́jọ́ tí Mísísì Hamid dé iléèwé, ó bi Rahmah pé kí ló fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Mísísì Hamid ti ń ṣí ìwé rẹ̀ sójú ewé kejì nígbà tí Alhaja, tó jókòó ti Rahmah, nawọ́.

“Ẹ ní sùúrù. Oníbàárà tó ń yẹ ọjà wò, a kì í lé e.”

Mísísì Hamid pa ìwé rẹ̀ dé. Ó pẹ́.

“Ìṣirò,” ni Rahmah wí. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ó ní àwọn páálí tí wọ́n fi ṣe àjà yàrá náà jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mísísì Hamid gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni.

Ogún wákàtí ló kọ. Alhaja sọ fún gbogbo Rye Lane pé ì bá tó méjìlélógún, ká ní Tẹniọlá ò jẹ́ kí òǹtajà rí omijé òun.

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà ní oṣù mẹ́ta ló kù. Alhaja ní kó jẹ́ mẹ́fà. Ọlọ́run fún wọn ní márùn-ún àti ọjọ́ méje. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ la sin wọ́n, òjò ń rọ̀, Rahmah ló gbé agboòrùn wọn. Láti ọjọ́ náà, kì í jáde nílé láìmú un dání.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n tún pèpàdé lórí Rahmah, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mísísì Hamid, tí ewú ti yọ lórí rẹ̀, ní ọmọ náà ti ń ṣe dáadáa débi pé wákàtí méjìlá ti tó o báyìí. Tẹniọlá ń wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi pé ẹni tó mọ ọjà ná ṣì máa wọlé wá jókòó síbẹ̀.

Rahmah ló dìde. Ó gbé báàgì, ó fi agboòrùn lé orí àga náà, ó sì forí lé ẹnu ọ̀nà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìwẹ̀yìn.

Mísísì Hamid wo agboòrùn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé bírò sílẹ̀.

“Rahmah, padà wá.”

Ọmọ náà yíjú, ó la ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ṣíwèé.

“Torí olùrànlọ́wọ́ mi máa ń dúró dè mí,” ló wí, “ni mo ṣe ń ṣe dáadáa.” Ó tún mí kanlẹ̀. “Ogún.”

Ogún náà ni Mísísì Hamid kọ.

Ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, Tẹniọlá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Rahmah fà á láṣọ, ó fẹ́ sọ nǹkan.

“Mummy, Grandma ì bá… ti ọgbọ̀n… bẹ̀rẹ̀.”

Bọ́ọ̀sì méjì kọjá kó tó sọ ọ́ tán. Tẹniọlá ò nawọ́ sí ìkankan.