Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tò

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo jókòó opó nínú yàrá wa ní Sabon Gari, nílẹ̀ Hausa, fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ti wà nílé ọkọ wọn, obìnrin tó ń bá mi ta aṣọ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn á wá kí mi láàárọ̀, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á lọ. Ó wá ku èmi àti kọ̀ǹpútà ọkọ mi, èyí tó fi ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo tàn án kí n lè wo fọ́tò wa. Mo bá géèmù kan nínú rẹ̀, èyí tí èèyàn ti ń wa tírélà, tó ń kó ẹrù láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Mi ò mọ mọ́tò wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo ní kí wọ́n kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì sọ pé obìnrin tó bá mọ mọ́tò wà kì í gbélé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe géèmù náà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo gbé tírélà wọ gọ́tà. Kí n tó jáde opó, mo ti ń fi ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù láì fara kan ògiri.

Mo padà sídìí aṣọ títà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá ti kírun Alásárì tán, ìdí tírélà mi ni mo máa ń wà. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di ọdún kẹta, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ààrò, á sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Ó ṣí i, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó ní ayé rẹ̀ ti tán.

"Àlájà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá kékeré kan, èyí tí ẹ ó fi máa kọ ọjà yín sílẹ̀."

"Èyí tó lè gbé géèmù ni mo fẹ́."

"Ọmọ-ọmọ yín ló ń béèrè?"

"Èmi ni."

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní owó ti géèmù á ra ọ̀kadà, àti pé títò rẹ̀ kì í ṣe ohun tó lè yé màmá àgbà. Mo gbé òkú kọ̀ǹpútà mi, mo jáde. Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn délé, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí mi, mi ò wọ ìkankan.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá dé, mà á dá fídíò náà dúró, tó bá lọ, mà á máa bá a lọ. Ó yé mi pé kò pọn dandan kéèyàn ra tuntun. Èèyàn lè ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, kó ki káàdì kan bọ inú rẹ̀, èyí tó ń gbé àwòrán sójú sikirínì, géèmù á sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo ra ọ̀kan tó rí pẹlẹbẹ. Káàdì náà, ọwọ́ obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ni mo ti rà á ní Gyellesu, torí ó fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé irú géèmù wo ni mo ń ṣe, mo sọ fún un.

"Mà, ẹ ṣọ́ra o," ó ní. "Àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í lágbára. Ẹ máa nílò èyí tó tóbi jù ú lọ."

Mo ra ìyẹn náà. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí àṣìṣe mi: káàdì náà ga ju kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ yẹn lọ, ìdérí rẹ̀ ò lè padé. Ibi tí mo ti ń wò ó ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi.

"Kí ni gbogbo irin yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ni mò ń tò, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi ṣe géèmù."

Ó jókòó. Ó ní òun ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, òun ò gbà á gbọ́. "Ìwọ tó o ti lọ Mẹ́kà, tó o ní ọmọ-ọmọ. Kó o dànù."

"Ẹ má bínú. Mi ò ní kó o dànù."

"Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ yín. Nígbà tí ẹ ní n ò gbọdọ̀ kọ́ mọ́tò, mo gbọ́ yín, mo sì gbà, torí ọmọdé ni mí. Ìrun ò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí nítorí géèmù. Mi ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹ ò lè gba èyí lọ́wọ́ mi."

Ó dìde, kò fẹnu kan omi tí mo gbé fún un. Ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún díẹ̀ lórí ẹní yẹn. Lẹ́yìn náà mo mú rúlà, mo wọn ibi tí káàdì náà ti yọ síta.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, mo gbé èèpo irin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà Hausa kan ní Dakace, tó ń ṣe géètì. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí káàdì náà á gbà yọ. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Hajiya, irin tó dáa lo fẹ́ bà jẹ́ yìí."

Mo ní kó gé e. Ó gé e, ó sì fi fáìlì ha etí rẹ̀ kó má baà ya mí lọ́wọ́.

Mo tò ó láàárín ọjọ́ méjì. Àpótí iná tuntun ò wọ inú rẹ̀, mo gbé e lé e lórí, mo fi okùn so ó. Ó burẹ́wà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo so ó mọ́ iná sólà, mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, ojú sikirínì dúdú. Mo tú u, mo tún un tò, ó tún ṣe bákan náà. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n gbé e lọ fún ará Ọ̀yọ́ yẹn. Mo rántí ẹ̀rín rẹ̀. Mo pe olùkọ́ tó ta káàdì fún mi.

"Ẹ yọ mẹ́mọ́rì rẹ̀, èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rúlà, ẹ nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé padà," ó ní. "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa títí tó máa fi dún."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún *kọ́*. Mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dìde dúró lórí ẹní, mo dáwọ́ lékè, mo sọ pé alhamdulillah, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò yà lọ́dọ̀ mi fún oṣù méjì. Nígbà tó wá, ọ̀rọ̀ òrùlé ilé bàbá wa ní Ìlọrin ló bá wá. Kọ̀ǹpútà náà wà ní pálọ̀ pẹ̀lú okùn lára rẹ̀, ó ń tàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ lórí fóònù pé kí n máa da aṣọ bò ó tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bọ̀. Mi ò da nǹkankan bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi yí àga rẹ̀ kó má baà rí i, a sọ̀rọ̀ òrùlé títí, a fẹnu kò síbì kan. Ó mu omi mi lọ́tẹ̀ yìí. Bó ṣe ń wọ bàtà, ó ní òun ò tíì fara mọ́ ọ̀rọ̀ géèmù yẹn.

Mo ní mo mọ̀. Mo sìn ín dé ẹnu géètì, mo padà sídìí tírélà mi àti ẹrù tí mo ń gbé lọ.