Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Tí Sékínà Kó Dànù

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, nítorí nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá gbé e kiri.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ìgandò. N kì í jẹ ẹran, n kì í jẹ ẹja, n kì í jẹ ẹyin, n kì í mu mílíìkì. Ọdún kẹrin rèé. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rẹ ènìyàn tó láti máa ṣàlàyé ìyẹn lójoojúmọ́? Tí mo bá ní n kì í jẹ ẹran, wọ́n á ní pọ̀nmọ́ ńkọ́, ṣebí pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran. Tí mo bá kọ pọ̀nmọ́, wọ́n á ní edé inú ọbẹ̀ ò kúkú lè pa mí. Métírọ̀n wa gbà pé ààwẹ̀ ọkọ ni mo ń gbà. Ọdún mẹ́rin ààwẹ̀, ọkọ ò yọjú, ẹ bá mi bi í jàre.

Nígbà tó sú mi, mo wá gbólóhùn kan tó máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́: èmi kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ìjọ. Wọ́n á mi orí, wọ́n á fi mí sílẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Túsìdeè ni a máa ń dá àwọn aláboyún lẹ́kọ̀ọ́. A ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni n ó wá sọ oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n máa jẹ: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ugu. Lọ́jọ́ kan, Sékínà nawọ́ sókè. Tẹ́lọ̀ ni, Ìkọ̀tún ló ń gbé, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti pé oṣù márùn-ún. Ó ní kí n má bínú o, ara mi ń dán, mo sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ni èmi fúnra mi máa ń jẹ?

Mo ti wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo dá a lóhùn pé èmi kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí, mo sì pe ẹni tó kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Oṣù méjì ni Sékínà fi pa kílíníìkì jẹ, ó ní aṣọ Iléyá ló pọ̀ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó padà wá, ó ń di ògiri mú rìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ náà funfun bí ẹ̀kọ. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Métírọ̀n ní tí kò bá gòkè kó tó bí, tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún un, àwọn kóró pupa yẹn. Ó wojú mi bíi pé mo fẹ́ dán an wò.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Èmi náà ti fi í sílẹ̀: ẹran o, ẹja o, ẹyin o. Ẹ wá ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti ẹlẹ́mìí ni? Ó tún wá pupa. Mo kó o dànù."

Mo jókòó. N ò lè rẹ́rìn-ín, n ò lè sunkún. Láti ìgbà tí a ti ń pe oògùn yẹn ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ta ló rò ó nínú wa pé ẹnìkan lè gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é? Mo ṣàlàyé fún un pé irin ló wà nínú rẹ̀, pé ara ló ń fi í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní ṣé kí òun wá padà sídìí ẹja nígbà tí ẹni tó mọ̀wé ju òun lọ ti fi í sílẹ̀?

Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún Métírọ̀n rí. Mo ní kí n tó dé Ìgandò, wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ń tú báńdéèjì lára wọn. Lọ́jọ́ kan mo délé, àbúrò mi ń sun ẹran, òórùn kan náà ni. Mo bì títí agbára fi tán nínú mi. Láti ọjọ́ náà, n kò lè gbé ẹran mì mọ́. Ẹja tẹ̀lé e, nígbà tó yá, ẹyin àti mílíìkì náà.

"Sékínà, kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi fi í sílẹ̀, ọgbẹ́ ni. Má fi ọgbẹ́ mi bọ́ ọmọ rẹ."

Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀yin?"

Mo fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ó sì gbé kóró kan mì lójú mi. Ó padà sídìí ẹja, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ti bí báyìí, ọmọbìnrin, àtìyá àtọmọ ló wà láyọ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé tí ènìyàn ò bá sọ ìdí ohun tó ń ṣe, àwọn tó ń wò ó á bá a wá ìdí kan, wọ́n á sì máa tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Túsìdeè báyìí, mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tó ṣe mí ni kò jẹ́ kí n máa jẹ ẹran àti ẹja, kí wọ́n má wò mí ṣe.

Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Àwa tí à ń tọ́jú ènìyàn, tẹnu ẹlòmíràn la máa ń gbọ́ ṣáá. Lónìí, ẹ̀yin lẹ gbọ́ tèmi. Ó wá kan yín: kí lẹ ti fi sílẹ̀ tí ẹ kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo wà níbí tí mo ń kà á.