Ìrìn-Àjò Tí Mọ́mì Mi Tú Síta ní Gbọ̀ngàn

Ní Èkó wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kì í sọ. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá, ó ń sùn, àfi kí fóònù ṣàdéédé dún láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu ayé ò dáa, ohun tí Mọ́mì mi gbà gbọ́ nìyẹn, kò sì sí ìwàásù tó lè yí i padà. Ìdí nìyẹn tí Dádì mi, tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ní Festac, kò fi mọ̀ pé èmi ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Ítálì.

Àǹtí kan ní ìjọ wa ló fẹ́ mú mi lọ. Eyín wúrà kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó máa ń dán bó bá ń kọrin ìyìn. Mo ti ṣe JAMB títí ó fi sú mi, mo wá ń bá Mọ́mì ta aṣọ ọmọ ìkókó ní ọjà Trade Fair. Àǹtí ní ìyá arúgbó kan wà ní Ítálì tó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú òun àti ajá méjì tó ní. Mo ti gba pásípọ́ọ̀tù. Mo ti ń gbìyànjú láti fẹ́ràn ajá.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ pe ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ sí gbọ̀ngàn kan ní Amúwò, nípa àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà. Dádì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù, ó jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà. Èmi àti Mọ́mì jókòó sẹ́yìn nítòsí mítì páì, àwa àti ìyá ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa.

Obìnrin tí ìjọba rán wá béèrè pé, "Ta ni ọmọ rẹ̀ ń múra àtilọ sókè òkun?"

Ẹnì kankan ò nawọ́. Ká ní ó béèrè ẹni tó jí ewúrẹ́ ni, ọwọ́ ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni wọ́n bá ṣeré fún wa. Ọ̀kan nínú wọn wé gèlè, ó di àǹtí tó fẹ́ kó ọmọ lọ, ó sì ń sọ fún ẹni tó ṣe ìyá ọmọ pé, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ ṣáà mọ ayé." Mọ́mì mi ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọlọ́gbọ́n obìnrin," ló wí.

Nígbà tí eré parí, obìnrin ìjọba ní ẹni tó bá ní ká má sọ, òun gan-an ni ká bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yìí dun Mọ́mì mi, ó dìde.

"Ẹ má bínú o, madam. Ẹ ò lè máa kọ́ wa ká máa pariwo ìrìn-àjò kiri. Àbúrò mi sọ tiẹ̀ síta, vísà ẹ̀ ò jáde títí dòní. Àǹtí tó ń mú ọmọ tèmi lọ sí Ítálì lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ Ọlọ́run ni, ohun tóun náà sọ fún mi nìyẹn: kí n gbààwẹ̀, kí n má sì sọ fún bàbá ẹ̀ pàápàá."

Níwájú, fìlà kan ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ojú Dádì mi ló wà lábẹ́ ẹ̀.

"Ọmọ ta ló ń lọ síbo?"

Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti àdúgbò Satellite ti dìde ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àǹtí yẹn, ṣé eyín wúrà wà lẹ́nu ẹ̀?"

"Ó wà."

"Kí ló ní ọmọ yín máa lọ ṣe?"

"Ó máa tọ́jú ìyá arúgbó kan."

"Tó ní ajá méjì?"

Mọ́mì rọra jókòó. Bàbá kan ní ìyá arúgbó yẹn ò ní tètè kú o, gbogbo Amúwò ló fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn kan. Èmi ń sunkún ní tèmi, inú ń bí mi sí Mọ́mì burúkú burúkú, torí Ítálì mi ti lọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń mu píọ̀ wọ́tà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

Àwọn ìjọba lọ wá àǹtí ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò bá a. Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń lọ sí ìjọ yẹn, náà ò wá. Mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn, ìyá ẹ̀ ní ó ti lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò wò mí lójú. Oṣù ń gorí oṣù, ọ̀rẹ́ mi ò dé, fóònù kankan ò sì dún nísàlẹ̀ láti Ítálì.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ sí Mile 2 lásán, Mọ́mì á yọrí lójú fèrèsé, á kéde fún gbogbo ilé tó wà ní close wa pé, "Ọmọ mi ń jáde o. Mile 2 ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló máa dé." Ojú máa ń tì mí. Láti ìsàlẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi á dáhùn pé, "Mo ti gbọ́ o."

Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, màá bá a lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Á wo ojú mi dáadáa, á ní kú àbọ̀, á wá gbé àga ẹ̀ wọlé.