Ikọ́ Tó Wà Nínú Ìtàn Páì

"Tún un kà," ni Mama wí, wọ́n sì fọwọ́ gbá orí ẹ̀rọ ìfọṣọ bí ẹni ń gbá tábìlì ní kíláàsì. "O ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, yìnyín àkọ́kọ́ ọdún náà ń bọ́ lóde, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wà níta, èmi sì rèé ní yàrá ìfọṣọ abẹ́ ilé wa ní Mississauga, tí mo di fóònù Mama mú síwájú ẹnu, tí mò ń ka ìtàn jáde láti inú nóòtù. Ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n rìrì, òórùn ọṣẹ gba gbogbo ibẹ̀, síbẹ̀ òórùn àlùbọ́sà àti kọ́rì tó wà lára Mama borí ọṣẹ. Kò sí ìwẹ̀ tó ń gbé e kúrò.

Mama kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa. Tíṣà ni wọ́n n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n níbí, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mítípáì ní Bolton ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì kékeré àwọn tó ń báni wá iṣẹ́ á wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Inú yàrá tó tutù bíi fìríìsà ni wọ́n ń dúró sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí bẹ́líìtì á máa gbé páì kọjá níwájú wọn láìsinmi. Òtútù yẹn ló fún wọn ní ikọ́: ikọ́ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, lẹ́yìn náà "ẹ̀ẹ̀n" kékeré kan, bí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un. Tí mo bá ti gbọ́ ọ nínú lífíìtì kí ilẹ̀kùn tó ṣí, mo ti mọ̀ pé Mama ti dé.

Mọ́mì mi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn.

"Kí n fẹjọ́ sùn kí wọ́n má pè mí síṣẹ́ mọ́?" Mama á dáhùn. "Àbígbẹ̀yìn mi ṣì wà ní yunifásítì o. Kí ni kó jẹ?"

Wọ́n tilẹ̀ ti buwọ́ lùwé pé àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà níta. Ni wọ́n bá ra nóòtù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àròsọ. Obìnrin kan dé láti ọ̀nà jíjìn sí ìlú kan tí kò sí nínú máàpù, ó ń ṣiṣẹ́ nílé páì ọba ìlú náà. "Ṣé Bolton ní ọba ni?" Mama á bi mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Àròsọ ni o! Ta ló fẹ́ mú mi?" Ohùn tèmi ni wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀, torí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ ohùn tiwọn. Gbogbo èèyàn ni mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá lóhùn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Mama ti fi ọjọ́ Sátidé kọ́ mi ní Yorùbá kíkà títí ó fi yọ̀ lẹ́nu mi. Bí a bá ti ka orí kan tán, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn kan tó lè pa ẹnu mọ́, ìyẹn ló ń fún àwọn obìnrin Yorùbá yòókù lórí fóònù.

Ní orí kẹta, obìnrin inú ìtàn náà fi ọ̀bẹ gé ìka. Ó kígbe pé kí wọ́n dá bẹ́líìtì dúró. Ọ̀gá fèsì pé páì ọba kì í dúró. Obìnrin náà fi pílásítà wé ìka, ó ń bá iṣẹ́ lọ, nígbà tó máa fi wo ọwọ́ rẹ̀, pílásítà ti bá ẹran lọ. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ tán ni Mama wúkọ́ lẹ́yìn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀n.

Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́, mo gbọ́ ọ kedere, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un kà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ju yìnyín lu fèrèsé, gbogbo ara ń yún mi láti jáde.

"It's fine, Mama," ni mo wí.

Wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Mo ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Yéè! Ìtàn náà ràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi ohùn mi ránṣẹ́ síra wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí wọ́n ti ń pín páì ilé iṣẹ́ yẹn gan-an fún àwa ọmọdé lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan figbe ta nídìí tábìlì: "Páì wo ni? Ẹ dárúkọ ẹ̀! Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo ń fún àwọn ọmọ mi jẹ?" Òmíràn ń ká ọwọ́ lérí: "Pílásítà! Olúwa gbà wá o!" Mọ́mì mi délé, wọ́n da odidi páálí páì kan nù láti inú fìríìsà. Pílásítà ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ọwọ́ obìnrin náà ńkọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gun tábìlì kí n lọgun. Mama jókòó ní tiwọn, wọ́n ń mu tíì.

Àwọn kan fura sí ilé páì Bolton, wọ́n ta àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò lólobó, àwọn yẹn sì dé ibẹ̀ lójijì. Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà, Mama ń ròyìn rẹ̀ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín: wọ́n ti fi bọ́tìnnì pupa sí bẹ́líìtì, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ kó dúró, wọ́n ti ra pílásítà búlúù tí ẹ̀rọ lè rí nínú ẹran. "Búlúù bí aró!" ni wọ́n ń wí.

"Òtútù ibẹ̀ wá ńkọ́?" Mọ́mì mi bi wọ́n.

"Ìyẹn ò kúkú wọnú páì," ni Mama fèsì. Wọ́n wúkọ́, wọ́n sì dìde lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mò ń lọ síléèwé, mo bá Mama lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù, bàtà yìnyín àti àpò oúnjẹ wọn. Bọ́ọ̀sì kékeré náà ti kọjá láìdúró. Ẹnì kan ló tan orí kẹta lórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó mọ ikọ́ yẹn sì rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ fi détí ọ̀gá. Wọn ò pe Mama mọ́.

Mo ti iléèwé dé, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn, mo ti ń sunkún kí n tó wọlé. "Mama, èmi ni. Mo gbọ́ ikọ́ yín. Mo sọ pé ó dáa torí mo fẹ́ lọ ṣeré."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bó. Wọn ò gbójú sókè. "Èmi náà gbọ́ ọ. Ṣé adití ni mí ni?"

"Kí ló dé tí ẹ fi í ránṣẹ́?"

"Ó ti sú mi kí n máa sá sẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn kan wà níbẹ̀." Wọ́n ní kí n lọ fọ ojú mi, wọ́n sì dín dòdò fún mi.

Wọ́n padà ríṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, àbígbẹ̀yìn wọn jáde ní yunifásítì, wọ́n sì ti padà sí Ìbàdàn. Èmi ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, Port Credit ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó na tíì sí mi ní ṣọ́ọ̀bù ìdí ọkọ̀ ní pílásítà búlúù ní ìka. Mo bi í bóyá ó ti ń jinná. Kíá ló fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ káńtà, ó ń tọrọ àforíjì. Ó rò pé mo fẹ́ fẹjọ́ òun sùn.

Mi ò lè mu tíì yẹn. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nídìí ọkọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú sáwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ta ló bèèrè? Èmi tí mo ka ìtàn náà lẹ́nu ara mi, ṣé mo bèèrè? Ojú tì mí. Mo pe Ìbàdàn.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ìka yín ńkọ́? Èyí tí ẹ gé."

Wọ́n wúkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀n.

"Èwo?" ni wọ́n wí.

"Ẹyọ kan ṣá ni mo kà nínú ìtàn, Mama."

"Ẹyọ kan ni mo kọ, ọmọ mi. Tí mo bá kọ gbogbo ẹ̀, ta ló máa gbà á gbọ́?"

Ọkọ̀ mi dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ. Mama ti bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, wọ́n ń sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì dúró sójú kan títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.