Oríkì Mi Lẹ́nu Fúnmiláyọ̀

Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ kí n tó sọ ohun tó ṣojú mi ní Hamburg, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí ìkànnì yìí má baà rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tò sí.

London la ti pàdé nígbà tí a wà lọ́mọge. Yàrá kan náà là ń gbé. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ láíbìrì, òun ń kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe. Nínú ilé tó kọjú sí tiwa, ará Jamaica kan wà tó ń ṣe àwo orin. Mista Kẹ́ndàl là ń pè é.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ ska. Orin tó ń fò sókè bí ẹni tẹ iná mọ́lẹ̀ ni. Mista Kẹ́ndàl wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní Jamaica. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé nígbà tí ooru mú, tó ń rẹ àwọn oníjó, òun ní kí onílù rọra, kí gìtá béèsì bọ́ síwájú. Ohun tí wọ́n wá ń pè ní rocksteady nìyẹn.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kì í gba orin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń ní ohùn àkọ́kọ́ ló ní ẹ̀mí, èkejì ti di àfarawé. Bí ohùn bá ti wọ inú téèpù, ó parí.

Èmi àti Fúnmiláyọ̀ máa ń lọ pàtẹ́wọ́ sí orin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń dá kọ oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀: "Àbẹ̀kẹ́, jí o, ọmọ aláṣọ àrán. Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ti mọ́, ayé ń dúró dè ọ́." Ọkùnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kọ. Ó ní orin tí òun ti ń wá nìyí.

Ọjọ́ tí a máa gbà á sílẹ̀, Fúnmiláyọ̀ ni Mista Kẹ́ndàl rán sí mi, torí mo wà ní kíláàsì. Fúnmiláyọ̀ ní Sátidé ni. Mo ń fi oyin sómi gbígbóná mu kí ohùn mi lè dán. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orin ti wà nínú téèpù láti Fúráìdé. Fúnmiláyọ̀ ló kọ ọ́. Mo bẹ Mista Kẹ́ndàl. Ńṣe ló mi orí. Ó ní kò sóhun tó ṣe èyí tó wà nílẹ̀.

Orúkọ ta ló wà lára àwo? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Mo kó kúrò nínú yàrá yẹn. Nígbà tó yá, ọkọ mi gbé mi wá sí Berlin, mo ṣiṣẹ́ láàárín ìwé títí mo fi gba Rente, owó ìfẹ̀yìntì. Àdúgbò Reinickendorf ni mò ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ mi. Ọdún tí wọ́n gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé níbí ni ọmọ ọmọ mi obìnrin pè mí sídìí kọ̀ǹpútà. "Oma, schau mal." Ìyá àgbà, wá wò ó. Ó ní ṣé kì í ṣe orúkọ mi ni wọ́n ń pè nínú orin yìí?

Lábẹ́ orin náà ni mo ti kà á pé Mista Kẹ́ndàl ti kú. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ ní Hamburg, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò St. Georg, lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ta ni àlejò pàtàkì? Fúnmiláyọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ohùn orin náà, àti pé ó ti ń ṣe irun lẹ́bàá Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Hamburg, láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kan péré ló wà láàárín wa, n ò sì mọ̀.

Ṣé mo rí oorun sùn? Ṣé ẹ̀yin náà á rí i sùn?

Mo pa ìsìn jẹ, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ICE lọ sí Hamburg. Òyìnbó ló kún inú gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọkùnrin tó fárí, tí wọ́n fi okùn èjìká gbé ṣòkòtò, ń jó ijó tí a ti jó kí ìyá wọn tó bí wọn. Ọkùnrin kan sọ ìtàn Mista Kẹ́ndàl: bó ṣe gbé àpótí àwo kan ṣoṣo kúrò ní Jamaica, bó ṣe kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fetí sí ara wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan gìtá, bí àwọn olórin Hamburg àti Berlin ṣe ń jẹ nínú làálàá rẹ̀ títí dòní. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè ibi tó ti gbọ́ "Àbẹ̀kẹ́"?

Fúnmiláyọ̀ wá jáde. Gèlè aláwọ̀ wúrà, bàtà gogoro lọ́jọ́ orí wa yìí, òdòdó lọ́wọ́. Mo ń fetí sílẹ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ti ha. Kò ha. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó ṣe pe "Àbẹ̀kẹ́, jí o," gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Orúkọ tí ìyá mi fi ń kẹ́ mi, lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ pé mo jókòó sáàárín wọn.

Mo lọ bá a lẹ́yìn ìtàgé. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́. O ṣì ń fajú ro bí ẹni mu ewúro. Jókòó."

Mo ní n ò wá jókòó. Mo ní Fúráìdé ni, kì í ṣe Sátidé.

"Irọ́ ni mo pa, n ò jiyàn," ó ní. "Mo fẹ́ kọrin, ìwọ sì ní ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n ká ní o wá, kí lo máa ṣe? O máa dúró síwájú ẹ̀rọ kí o máa ki ara rẹ? Ta ló ń ki ara rẹ̀ nílé yín?"

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn. Oríkì ẹni, ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbé. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kì mí mọ́, àfi obìnrin yìí, nínú àwo.

Mo ṣì ń bínú o. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé mo ti dárí jì í. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí ẹ bá jọ ń gbé yàrá, ẹ má jẹ́ kó máa bá yín gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín. Tí irú rẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Kí ẹ sì bá mi wá èsì sí ohun tó sọ nígbà tí mo ti di ilẹ̀kùn mú, torí èmi ò tíì rí i:

"Ó ń lọ sí ogójì ọdún tí mo ti ń kì ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ oríkì tèmi?"