Eyín Ni Bàbá Fi Ń Gbọ́ Gìtá

Bàbá ti la ẹnu, ó ti fi eyín di etí gìtá pupa náà mú. Ojú rẹ̀ dì. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ta okùn tó nípọn jù lọ, ó ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ó wá dúró. Ọyẹ́ ń gbá ewé gbígbẹ kiri àgbàlá, ẹnì kan ń gún àgbàdo lẹ́yìnkùlé kejì, ṣùgbọ́n Bàbá ò kọbi ara sí wọn. Eyín ló fi ń tẹ́tí. Nígbà tó gbé ẹnu kúrò lára igi náà, itọ́ díẹ̀ kù síbẹ̀. Ó fi apá ẹ̀wù nù ún, ó ní, "Ó ti jí."

Bàbá yìí ló bí ìyá mi. Olùkọ́ ni ìyá mi ní Pọ́bẹ̀, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, ló bá fi mí sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Kétu nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí n máa pọn omi fún un, kí n sì máa ti ibẹ̀ lọ sí lékọ́lì, ìyẹn ilé ìwé. Bàbá ò pe orúkọ mi rí. "Ìyá mi" ló ń pè mí, nítorí pé ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ kú tí wọ́n fi bí mi. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ nà mí, á rántí pé ìyá òun ni, á sì ju pàṣán nù. Mo lo àǹfààní yẹn dáadáa, kí n má parọ́.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, gìtá ló fi ń jẹun. Ó ti bá ẹgbẹ́ olórin ta gìtá ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, títí dé Èkó. Àgbà dé, ó padà sílé, ó sọ yàrá iwájú di ibi tó ti ń tún gìtá ṣe. Iná ìjọba a máa wá, a máa lọ bó ṣe wù ú, nítorí náà inú ẹ̀yinná ni Bàbá máa ń ki irin rẹ̀ bọ̀ títí á fi pọ́n, kó tó fi jó òjé mọ́ wáyà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òjé tó ń yọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n jókòó sílẹ̀. Òórùn àdín náà wà níbẹ̀, èyí tó fi ń ra ọrùn gìtá kí ọyẹ́ má baà là á.

Gìtá mẹ́ta ló jẹ́ tirẹ̀, orí ògiri ló gbé wọn kọ́ sí. Pupa ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì le lọ́wọ́ bí igi ọkọ́. Míkírò mẹ́ta tín-ín-rín wà lábẹ́ okùn rẹ̀, ìyẹn irin òòfà tó máa ń gba ohùn lára okùn kó tó gbé e lọ sínú bàfù, àpótí tí ohùn ń gbà jáde. Ohùn Pupa mọ́, ó ń dún bí ìgbà tí ṣíbí bá kan abọ́ irin. Bí wọ́n bá ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wàá gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Bàbá ní òun ni wọ́n máa ń gbé jáde níbi tí ìlù àti fèrè bá pọ̀ sí, torí ohùn rẹ̀ kì í sọnù sáàárín èrò. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí: bí ìka bá ṣìnà, gbogbo agbo ijó ló máa gbọ́.

Oníhò ni èkejì. Ó fẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, ihò gígùn méjì wà láyà rẹ̀. Òun lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí iná tó dé. Bí Bàbá bá gbé e lé ikùn, èmi á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, màá sì gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n wọ inú egungun ọwọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì kún, ó dára fún orin tí èèyàn ń jókòó gbọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti yí ampílì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, sókè jù, ohùn tó ti inú bàfù jáde á tún padà wọ inú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Bàbá ti kó àkísà sí i nínú, kò gbọ́. Ó máa ń bú u bí ẹni bú ìyàwó.

Dúdú ni ààyò. Ó wúwo débi pé ó ti tẹ èjìká òsì Bàbá wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ọrùn rẹ̀ kúrú díẹ̀, okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka, míkírò méjì péré ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ̀. Ohùn rẹ̀ ki, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tán. Bàbá á ta ẹyọ kan, á ní kí n sáré bu omi wá fún òun kí ó tó dákẹ́. Mo máa ń sáré lóòótọ́, nígbà mìíràn mo sì máa ń bá a tó ṣì ń dún. Dúdú yìí ló ta lọ́jọ́ ìgbéyàwó ìyá mi.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ra gìtá lágbègbè wa nígbà náà tí kì í gbé e wá fún Bàbá kó bá a wò ó. Wọ́n ń ti Pọ́bẹ̀ wá, wọ́n ń ti ọ̀nà Ìlárá wá. Òfin rẹ̀ ni pé gìtá tó bá ti Kútọnu dé gbọ́dọ̀ sun òru méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi wa. Ó ní etí òkun ni igi náà ti ń bọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, bó bá dé orí ilẹ̀ gbígbẹ tiwa lójijì, ọrùn rẹ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀. Èmi ni òfin yìí ń jẹ níyà, nítorí àmù gbọ́dọ̀ kún, omi sì ṣọ̀wọ́n ní Kétu, ẹni tó bá gbé ibẹ̀ mọ̀.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé etí Bàbá ti ń lọ. Èmi gan-an ò mọ̀, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ta Pupa, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti dẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń ro mí léyín, tí Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń ta á lọ. Mo ní, "Bàbá, okùn ìsàlẹ̀ yẹn mà ti dẹ̀." Ó gbé gìtá sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ìyá mi, bàfù ti jẹ mí létí," ló wí. "Ohùn tó nípọn, mo ṣì ń fi eyín gbọ́ ọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti lọ. Bí àbúrò ìyá rẹ bá gbọ́, ọ̀la ni yóò wá kó mi lọ sí Kútọnu. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Kútọnu?"

Àbúrò ìyá mi yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kò yẹ kí Bàbá máa dá gbé. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí Bàbá ní fún un ni pé iṣẹ́ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ òun. Mo bá gbà láti di etí rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá gbé gìtá wá, màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá fi ẹ̀yìn ti ojúgun rẹ̀ bí ọmọ tí oorun ń kùn. Bí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bá dára, màá jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, màá fi gìgísẹ̀ tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwúwo, ọrùn, bí okùn ṣe rí lábẹ́ ìka, ìyẹn jẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀, a ò ṣi èèyàn kankan lọ́nà.

Àwọn ará ìjọ kan wá wá láti Okpomèta. Àgbà méjì ni, àti ọ̀dọ́kùnrin tí yóò máa ta gìtá fún wọn. Odindi oko àgbàdo kan ni gbogbo ìjọ ti jọ ro kí wọ́n lè rí owó ra gìtá yìí, wọ́n sì fẹ́ kó wọlé ṣáájú ìkórè. Gìtá méjì ni ẹni tó ń tà á ní kí wọ́n gbé wá, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ọ̀kan jọ Pupa, ìkejì jọ Dúdú. Àwọn méjèèjì sun òru méjì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì pé.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń rìn lọ sí kànga tó jìnnà, ọrùn ń ro mí, ebi ń pa mí, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń ṣeré tẹ̀ǹ-tẹ́n níta, wọ́n ń pè mí. Bàbá kọ́kọ́ ta èyí tó jọ Pupa. Ó ní ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ohùn rẹ̀ yóò la èrò kọjá, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí oyin bí ọwọ́ bá ti kúrò lára okùn. Ó wá gbé ìkejì. Ohùn ibẹ̀ kún inú yàrá, orin ìjọ tí Bàbá ta lórí rẹ̀ jókòó dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tilẹ̀ ti ń fi ohùn kékeré bá a kọ ọ́.

Bàbá gbé ìka gòkè lọ, ó kọjá àárín ọrùn. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ nǹkan. Ó kéré, bí ẹni pé ohùn méjì ń gbo ara wọn. Mo sé èémí. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ Bàbá: á tú gbogbo okùn, á tún gbé gìtá náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, àmù á sì tún fẹ́ omi. Mo sọ fún ara mi pé bóyá n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo fi gìgísẹ̀ mi sílẹ̀ níbi tó wà.

Bàbá dúró. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó wá fọwọ́ pa ojú, ó ní, "Èyí ni kí ẹ gbé."

Kí oṣù náà tó parí, ọyẹ́ ti yí ọrùn gìtá náà. Lọ́jọ́ ìkórè, níwájú àlejò àti onílé, bí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bá ta ìsàlẹ̀, ó ń bá orin mu, bó bá gòkè, ó ń ṣẹ́ kúrò lára orin. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé e sílẹ̀, ó sì jáde. Àwọn àgbà méjì náà padà wá, ojú wọn le. Wọ́n ní ẹni tó ta gìtá fún àwọn ti fún Bàbá ní nǹkan lábẹ́lẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ì bá gba Bàbá sílẹ̀: kó ní ọmọ yìí ni etí mi, òun ni kò sọ.

"Èmi ni mo ṣì í," ló wí. Ó dìde, ó sọ Dúdú kalẹ̀ lára ògiri, ó fi aṣọ nù ún láti orí dé ìsàlẹ̀, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó sì gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbé gìtá wá mọ́. Ẹ̀yinná di eérú. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, àbúrò ìyá mi gbé mọ́tò dé, iṣẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ Bàbá mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ ni mo bú sẹ́kún. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sún mọ́ etí rẹ̀ kó lè gbọ́, mo ní mo gbọ́ ohùn yẹn lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ, n kò tẹ ẹsẹ̀ yín ni.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yìn rẹ le mọ́ ojúgun mi lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n bi ọ́. Ó ti rẹ èmi náà ni, Ìyá mi."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì wọ mọ́tò. Kò lò tó ọdún méjì ní Kútọnu tó fi kú. Wọ́n ní ariwo gìtá ń dí àwọn ará ilé lọ́wọ́, nítorí náà kò ta á níbẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn tù mí nínú, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Kò tù mí nínú. Bí mo bá dàgbà sí i ni mo túbọ̀ ń mọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ojú sì ń tì mí sí i.

Agbẹ̀bí ni mí báyìí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Kpankou. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, ẹnì kejì mi sì wà ní ìsinmi, nítorí náà ó máa ń rẹ̀ mí kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fèrè tí a fi ń gbọ́ ọmọ inú lé ikùn obìnrin kan tó wá láti oko. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan, tàbí mo rò pé mo gbọ́ nǹkan. Mo sọ fún un pé ó dára. Ó kí mi, ó ró ìró rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ, àárẹ̀ náà sì wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fẹ́ la ẹnu. Mo là á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ padà wá dùbúlẹ̀. N ò tíì gbọ́ ọ dáadáa."