Ẹtà Tó Kú Tí Ojú Rẹ̀ Ń Yí

Ọkọ àǹtí mi, tó ń ṣọdẹ ní Imeri, kì í gbé ẹran wọlé láìpa ojú rẹ̀ dé. Á fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Á ní, "Kó má baà mọ ọ̀nà ilé mi." Òun alára, ojú ọ̀tún nìkan ló kù fún un láti fi wo ìbọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò sídìí ẹtà kan tó ti gan. Ó ti pa ojú rẹ̀ dé, àmọ́ nǹkan ń rìn lábẹ́ ìpéǹpéjú náà, bí ẹni pé ojú ń yí.

"Dókítà kòkòrò, òkú ń wò mí!"

Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìpéǹpéjú náà sókè. Aràn funfun mẹ́ta, tín-ín-rín bí òwú, ń wọ́ lórí ẹyinjú. Inú mi dùn gan-an.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀rù. Aràn ojú ni. Eṣinṣin tó ń mu omijé ló ń gbé e láti ojú kan dé òmíràn. Ó máa ń ran ènìyàn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dúró lójijì. Eṣinṣin ti bo ẹtà náà. Ọ̀kan bà sí igun ojú ọ̀tún ọkọ àǹtí mi, ó ń mu omi ojú náà. Ọkùnrin náà kò ṣẹ́jú, kò gbọ́wọ́ sókè.

Ó rọra bi mí pé, "Èwo nínú àwọn eṣinṣin yìí ló ń gbé e?"